ATP 2 ni àbí 4? Ohun tí ojú mi rí lórí áàpù tó ń kọ́ni ní glycolysis

Èmi kì í kọ rífíù, ti ẹlòmíì ni mo máa ń kà, àmọ́ èyí tí áàpù yìí ṣe fún mi lánàá, mi ò lè gbé e mì. Mo ti wo gbogbo fídíò wọn, mo ti kọ glycolysis, ìgbésẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fọ́ ṣúgà glucose di pyruvate kó lè rí ATP, èròjà agbára tó ń ná bí owó, lẹ̀ mọ́ ògiri, mo bá wọ inú tẹ́ẹ̀sì. "ATP mélòó ni glycolysis ń mú wá látinú glucose kan?" Mo tẹ 2. Pupa fòò! Wọ́n ní 4 ni. Ìbéèrè ẹyọ kan yẹn ló jẹ́ kí n féèlì o, mo gba 69, 70 ni wọ́n fi ń pàásì.

Mo kọ sí kọ́sítọ́mà kíà. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pa fóònù kí n tún un tàn, ṣé fóònù mi ló ń ka ATP ni? Ẹnì kejì ní àwọn ti gbọ́, ó fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì sí i, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹnì kẹta tún ń bèèrè ìméèlì tí mo ti fún àwọn méjèèjì. Mo ti kọ èébú tán, ó ku kí n fi ránṣẹ́.

Àfi bí tíṣà fúnra wọn ṣe wọlé. "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjà." Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ ná ATP 2, àwọn ẹ́ńsáìmù, òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ló ń gbà á: hexokinase gba ọ̀kan ní ìgbésẹ̀ 1, phosphofructokinase gba ìkejì ní ìgbésẹ̀ 3, owó òwò nìyẹn. Ní ìgbésẹ̀ 4, ẹ́ńsáìmù aldolase á la ṣúgà oníkábọ́ọ̀nù 6 sí méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, ìdajì kọ̀ọ̀kan á wá pa ATP kan ní ìgbésẹ̀ 7, kan ní ìgbésẹ̀ 10. Ó di 4. Ẹ yọ owó òwò kúrò, èrè ku 2. Háà! Àtìgbà tí mo ti há 2 yẹn sórí, mi ò mọ ibi tó ti wá.

Mo ní kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣòwò elérè táṣẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò nílò ọ́síjìn, pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ò tiẹ̀ ní mitochondria, ilé iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fi ọ́síjìn ṣe ATP, òwò yìí nìkan ló ń jẹ. Wọ́n ní téèyàn bá sáré àsápajúdé, tí ọ́síjìn ò ká a mọ́, iṣan á sọ pyruvate di lactate kó lè rí NAD+, èròjà tí ìgbésẹ̀ 6 nílò, gbà padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgbésẹ̀ náà á dákú. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi báyìí rí, aago 1 òru la ṣì ń sọ̀rọ̀.

Tíṣà gbà pé ìbéèrè yẹn ò sọ bóyá èrè ni àbí gbogbo ohun tó wọlé, wọ́n ní àwọn á tún un kọ. Máàkì mi ńkọ́? 69 ló ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ìràwọ̀ 4 ni tíṣà pa fún wọn. Kọ́sítọ́mà kíà ti ná 2. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.