Geth pẹ̀lú Lighthouse lórí sáfà àdáni: ó tówó ẹ̀, bí ẹ bá lè tọ́jú ẹ̀

Ẹni tó bá ń gba orí node ọ̀fẹ́ (ẹ̀rọ ẹlòmíì tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) wọ Ethereum mọ àṣìṣe 429 dáadáa: ìbéèrè yín ti pọ̀ jù, ẹ dúró ná. Fún wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba USDT (owó dọ́là orí ẹ̀rọ) lọ́wọ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ máa yẹ blọ́ọ̀kù tuntun wò ní ìṣẹ́jú àáyá méjìlá-méjìlá. Bí node bá ní kó dúró, owó á ti wọlé, kò ní mọ̀. Lórí node àdáni, kò sẹ́lòmíì tẹ́ ẹ jọ ń tò.

Sọ́ọ̀fìtíwià méjì ló ń para pọ̀ di node: Geth tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúnàádúrà, àti Lighthouse tó ń mọ blọ́ọ̀kù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fọwọ́ sí. Méjèèjì kò gba kọ́bọ̀. Sáfà lowó ń lọ sí. Ẹ má ṣahun lórí dísìkì: NVMe (dísìkì ayára tí kì í yí) 2TB ó kéré tán, pẹ̀lú RAM 32GB. Ibí díẹ̀, ọ̀hún díẹ̀ ni Geth ń kà lórí dísìkì, kì í kà á létòlétò. Ìdí nìyẹn tí dísìkì tó ń yí kò fi lè lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá láéláé.

Láti September 2022 tí Ethereum ti pa proof of work (fífi ìwakùsà ṣe blọ́ọ̀kù) tì, Geth kò lè dá ṣiṣẹ́ mọ́. Lighthouse ló ń sọ blọ́ọ̀kù tó kàn fún un, láti pọ́ọ̀tù 8551. Fáìlì jwt.hex kan náà, kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá wà lórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí aago wọn fi ju ìṣẹ́jú kan lọ síra, "stale token" lẹ máa rí. Ẹ jẹ́ kí NTP, ètò tó ń gba àkókò tó péye lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa tún aago ṣe.

Kí node tó wúlò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá. `--checkpoint-sync-url`, tó ń jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, kì í jẹ́ kí Lighthouse pẹ́ rárá. Geth ló ń fẹ́ sùúrù. Ẹ má sì gba `eth_syncing` (ìbéèrè bóyá ó ṣì ń lé e bá) gbọ́ nígbà tó bá kọ́kọ́ sọ `false`: ó lè má tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ fi `eth_blockNumber`, nọ́ńbà blọ́ọ̀kù tó dé, wé ti Etherscan, ìkànnì tó ń fi blọ́ọ̀kù Ethereum hàn.

Àléébù rẹ̀ tó ń dunni jù: ipò àwọn àpò ní blọ́ọ̀kù 128 tó kẹ́yìn nìkan ni Geth ń tọ́jú, bí ìṣẹ́jú 25. Bí ẹ bá bi í nípa iye tó wà nínú àpò kan lánàá, àṣìṣe ló máa dá padà. Archive node, èyí tó ń tọ́jú gbogbo ipò àtijọ́, nìyẹn ń fẹ́, owó ẹ̀ sì wọ́n gan-an.

Ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 30303 (Geth) àti 9000 (Lighthouse), TCP àti UDP, kí node lè rí àwọn node ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣí 8545, pọ́ọ̀tù tí ẹ fi ń bi Geth ní ìbéèrè, síta. Àwọn olè ń wá a kiri. Kí ẹ gba WireGuard (VPN) wọlé sí i.

Node kan ṣoṣo kò tó fún iṣẹ́ owó. Ní November 11, 2020, Infura, ilé-iṣẹ́ tó ń fún àwọn èèyàn ní node lò, dákẹ́ torí Geth àtijọ́ tó ń lò, Binance, ọjà owó kírípítò, sì dá gbígba ETH jáde dúró fúngbà díẹ̀. Ẹ máa tún Geth ṣe lásìkò, kẹ́ ẹ sì fi Nethermind, sọ́ọ̀fìtíwià mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ Geth, ṣe node ìkejì, kó má jẹ́ pé àṣìṣe kan náà ló máa dá àwọn méjèèjì dúró.