Fúlótà àti sẹ́ńsọ̀ olójú méjì: èwo ni kí ẹ fi ṣọ́ omi inú táǹkì?

Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú mọ bí ọ̀rọ̀ omi ṣe rí. Kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé, iná sì lè dé láago méjì òru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń fi ESP32, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí a lè kọ àṣẹ sí, ṣe nǹkan nínú ilé fi máa ń kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa tan pọ́ńpù, tí yóò sì máa pa á fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni ohun tó yẹ káwọn fi máa wo omi. Ṣé HC-SR04 ni, sẹ́ńsọ̀ olójú méjì tó ń fi ìró tí etí ò lè gbọ́ wọn bí omi ṣe jìnnà tó? Àbí fúlótà, bọ́ọ̀lù oníwáyà tí àwọn pùlọ́ńbà ń so kọ́ sínú táǹkì? Mo ti lo méjèèjì nílé wa ní Ìgbógbó.

Ní ti rírí wọn rà, ibi tí wọ́n bá ti ń ta páìpù lẹ ti máa rí fúlótà. Ẹni tó fẹ́ sẹ́ńsọ̀ á fẹsẹ̀ kan dé Computer Village n'Íkẹjà, tàbí kó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ní ti ohun tí wọ́n ń sọ fún yín, sẹ́ńsọ̀ ló borí. Ẹ máa rí i lórí fóònù pé omi ku ìdajì tàbí ìdámẹ́ta. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni fúlótà mọ̀: ó kún, kò kún.

Ní ti wáyà, ẹsẹ̀ Echo lára HC-SR04 ń dá folti 5 padà, ESP32 ò sì fẹ́ ju 3.3 lọ. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 1k àti 2k pín in kó tó wọlé. Wáyà méjì péré ni ti fúlótà nílò: ọ̀kan sí GND (ẹsẹ̀ òdo folti), ọ̀kan sí ẹsẹ̀ tí ẹ ti kọ INPUT_PULLUP fún, ìyẹn àṣẹ tó ń jẹ́ kí iná wà lára ẹsẹ̀ náà nígbà tí wáyà méjèèjì ò bá pàdé.

Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè jù, tí èmi ò bèèrè, ni èyí: tó bá bàjẹ́, ṣé pọ́ńpù á dúró ni, àbí á máa ṣiṣẹ́ lọ?

Lóru ọjọ́ kan nígbà òjò, nígbà tí sẹ́ńsọ̀ olójú méjì ló ń darí pọ́ńpù wa, iná dé, pọ́ńpù sì tan bó ṣe yẹ. Táǹkì kún, pọ́ńpù ò dúró. Ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló wá ń gbá ilẹ̀kùn ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí: "Bàbá Ìbejì, ẹ dìde o, omi yín ti wọlé wa!" Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti mu omi. Èmi ni mo san owó rẹ̀. Yúníìtì tó wà nínú mítà wa náà ti lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gun orí táǹkì, mo ṣí ìdérí, mo sì dojú rẹ̀ sókè. Ẹ̀kán omi rọ̀ mọ́ àwọ̀n tó wà lójú sẹ́ńsọ̀ náà méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti dógùn-ún. Ooru omi inú táǹkì ló ṣe é. Ìró tó rán jáde ò padà wá bá a mọ́. Bí HC-SR04 ò bá sì gbọ́ ìró kankan, kì í dákẹ́, ńṣe ló máa na ìdáhùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 38. Ìró ń rin mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ pín in sí méjì nítorí àlọ àti àbọ̀, mítà mẹ́fà àbọ̀ ló máa jẹ́. Táǹkì wa ò sì ga tó mítà méjì! Ohun tí ESP32 kà ni pé omi ti tán, kí pọ́ńpù máa fà lọ.

Bí wáyà fúlótà bá já, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín bí ẹ bá so ó dáadáa. Wáyà mẹ́ta ló sábà máa ń ní. Ẹ yan méjì tó ń pàdé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá so rọ̀ sísàlẹ̀. Bí eku bá gé wáyà yẹn lọ́la, lójú ESP32 ńṣe ni táǹkì ti kún, pọ́ńpù á dúró. Kí ẹ tó gbé e gòkè, ẹ jù ú sínú garawa omi, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún kẹ́ nínú. Bí wáyà tó wà láàárín òkúta rẹ̀ (ohun wíwúwo tó ń fa wáyà sílẹ̀) àti bọ́ọ̀lù bá ṣe gùn tó ni omi ṣe máa lọ sílẹ̀ tó kí pọ́ńpù tó tan. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè há mọ́ páìpù, nítorí náà ẹ fún un láyè.

JSN-SR04T, sẹ́ńsọ̀ olójú kan tí omi ò lè wọ̀, sàn ju olójú méjì lọ. Ṣùgbọ́n kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé e ga ju ibi tí omi ń kún dé.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má ṣe jẹ́ kí rílé, súìṣì aláwọ̀ búlúù kékeré tí ESP32 ń tan, gbé pọ́ńpù fúnra rẹ̀. Iná tí pọ́ńpù ń fà nígbà tó bá ń tan pọ̀ ju èyí tó ń lò lẹ́yìn náà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Kí rílé tan kọ́ńtákítọ̀, súìṣì ńlá tó lè gbé iná púpọ̀, kí kọ́ńtákítọ̀ tan pọ́ńpù.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ bí omi ṣe kù tó, tí ẹ̀yin fúnra yín ló ń tan pọ́ńpù, ẹ ra sẹ́ńsọ̀, á tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹni tí kì í sí nílé, tàbí tó ń sùn nígbà tí iná bá dé, fúlótà ni kó rà. Méjèèjì ló wà nínú táǹkì wa báyìí. Sẹ́ńsọ̀ ń kọ ìwọ̀n omi sórí fóònù ìyàwó mi, ṣùgbọ́n mo ti yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ pọ́ńpù.