Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta àga tí kì í ṣe tirẹ̀ ní ibi iṣẹ́ àjùmọ̀lò

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ó ti máa ṣiṣẹ́ nítòsí ilé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi lórí àga kan tí ẹni tó gbowó náà kò ni, tí kò yá, tí kò sì láṣẹ kankan lórí rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ṣe ohun tí gbogbo ayé máa ń sọ pé kí a ṣe: mo lọ wo ibẹ̀ kí n tó sanwó.

Ẹni tó bá ti wá irú ibi yìí, níbi tí onírúurú ènìyàn ti ń háyà àga àti tábìlì láti ṣiṣẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní coworking, ní ẹ̀yìn ìlú rí yóò mọ ohun tí ojú ń rí. Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti lé àwọn òṣìṣẹ́ wọlé ní ọdún 2020 ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àárín ìlú ni ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ wọ̀nyí ṣì wà. Bí ẹ bá tẹ orúkọ àdúgbò yín sínú Google, ibi mẹ́ta lè jáde, kí méjì jìnnà réré, kí ẹ̀kẹta sì ti kógbá sílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ojú mi fi wọ ìpolówó tí mo rí yìí. Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé mi, àwòrán rẹ̀ dára, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì iye tí àwọn yòókù ń gbà, bí mo bá lè san ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní mo fẹ́ wá wò ó. Ọkùnrin náà ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. "Ibẹ̀ máa ń kún lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní ráyè wò ó dáadáa." Nígbà tí mo dé, ó ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú mi wọlé, ó tan iná orí tábìlì, ó bu omi tútù fún mi nínú ẹ̀rọ tó wà ní igun yàrá, ó ń ṣe bí onílé. Mo béèrè yàrá ìpàdé, ó ní àwọn kan wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Mo ní kí n dán íntánẹ́ẹ̀tì wò. Ó fa bébà pélébé kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi fún mi. Mo rí bébà náà dáadáa. Wọ́n tẹ déètì ọjọ́ yẹn sí òkè rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ọjọ́ kan péré ló wúlò fún. Ojú mi rí i, ọkàn mi kò gbé e. Onílé kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọ ilé ara rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ènìyàn, kì í ṣe orúkọ ibi iṣẹ́ náà, torí ó ní ti ilé-iṣẹ́ ń ṣe ségesège. Mo tún ya àwòrán ìwé ìdánimọ̀ mi ránṣẹ́ sí i, nítorí ó ní òun yóò fi ṣe káàdì ìwọlé fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin tó wà nídìí tábìlì àlejò wá orúkọ mi títí, kò rí i. "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ẹ sanwó fún?" Mo fi àwòrán ọkùnrin náà tó wà lórí fóònù mi hàn án. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ọkùnrin yẹn ra ìwé ọjọ́ kan lọ́wọ́ àwọn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti pé èmi ni ẹni kẹta tó wá béèrè àga.

Bí gbájúẹ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Àwọn ibi wọ̀nyí máa ń ta àyè ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ló sì lè rà á. Ní ẹ̀yìn ìlú, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nídìí tábìlì àlejò, bí onítọ̀hún bá sì ti lọ sílé nírọ̀lẹ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè pe ara rẹ̀ ní máníjà. Lílọ wò ó jẹ́rìí sí i pé yàrá náà wà. Kò jẹ́rìí sí ẹni tó ni ín.

Nítorí náà, ẹ padà lọ ní ẹ̀yin nìkan, ní wákàtí iṣẹ́, kí ẹ sì béèrè iye owó lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá bá nídìí tábìlì. Nọ́ńbà tó wà lára pátákó ilé náà ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìpolówó. Ẹ fi àwọn àwòrán ìpolówó náà wá orísun wọn lórí Google Lens. Ká ní mo ti ṣe é ni, n bá ti rí ojúlé wẹ́ẹ̀bù àwọn tó ni ibẹ̀ gan-an àti iye tí wọ́n ń gbà, torí ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti jí méjì nínú àwọn àwòrán rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ san ti ọjọ́ kan, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹni tó ni ibẹ̀ ní tòótọ́ pàápàá lè ta àga ju iye tó ní lọ. Ẹ bi í bí yóò ti rí bí gbogbo oníbàárà bá dé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wọn íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán, kí ẹ má sì fi mọ sí ìyára tó fi ń gba nǹkan wọlé. Ìyára tó fi ń gbé nǹkan jáde ló máa ń dójú ti ènìyàn nínú ìpàdé. Ìpè fídíò kan tó mọ́ kedere lè gba 3 sí 4 Mbps (ìwọ̀n tí a fi ń mọ ìyára íntánẹ́ẹ̀tì), ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń pè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti owó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, n kò ní san án mọ́, ìbáà ṣe fún ilé-iṣẹ́ ńlá. WeWork, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fi irú ibi iṣẹ́ àjùmọ̀lò yìí háyà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010, lọ bẹ ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà fún ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó sì pa ọ̀pọ̀ ibi tó ti háyà tì.

Bí wọ́n bá ti lù yín ní jìbìtì, ẹ pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fi káàdì sanwó ṣì lè bá báǹkì jiyàn kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Èyí tí a fi ránṣẹ́ tààrà bíi tèmi ṣòro gan-an. Ẹ má sì dá ẹni tó bá ní òun yóò bá yín gba owó yín padà bí ẹ bá san díẹ̀ sílẹ̀ lóhùn. Irú wọn méjì ló ti kàn sí mi.

N kò dárúkọ ibi iṣẹ́ náà, torí wọ́n ṣe àwọn náà níbi. Ìpolówó yẹn tún ti jáde láàárọ̀ yìí pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn, àwòrán kan náà, ẹ̀dínwó oṣù mẹ́ta kan náà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló sì tún ní kí wọ́n wá wò ó.