Etí Omi Wo Ló Yẹ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́ Tó Ń Bọ̀ láti Àkúrẹ́?

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbé ìpàdé ọdọọdún rẹ̀ kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí etí omi, yálà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni tàbí ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé, sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń gba gbọ̀ngàn. Ibi tí èrò yóò sùn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Èkó tó nǹkan bí 300 kìlómítà, yálà ẹ gba Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn tàbí ẹ gba Oǹdó, Òrè àti Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jókòó sípàdé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ gbọ́dọ̀ ti sùn sí Èkó mọ́jú.

Bí ìpàdé náà bá jẹ́ ti ọjọ́ kan péré, Oníkàn ní Erékùṣù Èkó ni èmi yóò kọ́kọ́ wò. MUSON Centre tó wà níbẹ̀ ní ju gbọ̀ngàn kan lọ, ẹgbẹ́ kékeré kò sì ní sanwó àyè tí kò lè kún. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1957 àti John Randle Centre, tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, wà nítòsí, tí èrò lè fẹsẹ̀ rìn dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé apá Mile 2 lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 dé Marina, kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé gbọ̀ngàn wà lọ́tọ̀, ibùsùn wà lọ́tọ̀, ẹ ó sì tún wá ọkọ̀ tí yóò máa kó èrò lọ, kó wọn bọ̀.

Ní Victoria Island, ìyẹn kò sí. Ní Eko Hotel, ẹni tó bá jí lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn wọ gbọ̀ngàn láìjáde sójú títì, èyí tó ṣe pàtàkì bí àwọn àgbà bá pọ̀ nínú ẹgbẹ́. Owó rẹ̀ ga, n kò ní tàn yín. Kí ẹ tún ṣọ́ra fún àwòrán àtijọ́: wọ́n ti wó ọ̀pọ̀ nǹkan ní etíkun Landmark ní 2024 nítorí ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar, nítorí náà ẹ rán ẹnìkan lọ fi ojú ara rẹ̀ wo ibikíbi tí wọ́n bá fi etíkun polówó fún yín.

Ibi yòówù kí ẹ mú, ẹ ka ìwé àdéhùn dópin. Ní gbọ̀ngàn kan tí n kò ní dárúkọ, iná lọ ní aago méjì ọ̀sán, alábòójútó sì mú rìsíìtì kejì wá fún wa pé owó dísù kò sí nínú ohun tí a san. “Iná” ni wọ́n kọ sínú ìwé lóòótọ́, wọn kò kọ “jẹnẹrétọ̀”. Inú àpòòwé owó awakọ̀ ni akápò wa ti ka owó náà jáde níṣojú gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i pé wọ́n kọ wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú iye tí wọn yóò gbà bí a bá gbé alásè tàbí ọtí tiwa wọlé, àti ọjọ́ tí wọn yóò dá owó tí a fi sílẹ̀ nítorí ohun tó lè bàjẹ́ padà.

Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó ti Èkó kò sọ etí omi nù. Igbókọ̀dá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, wà nínú ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, lẹ́yìn Òkìtìpupa. N kò ní gbé ìdìbò ẹgbẹ́ ńlá lọ síbẹ̀. Ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn ni kí wọ́n fi ọjọ́ kìn-ín-ní ṣe ìpàdé ní Àkúrẹ́, níbi tí gbọ̀ngàn kò ti wọ́n, láti orí The Dome títí dé ti àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Alágbàka, kí wọ́n sì fi ọjọ́ kejì lọ jẹ ẹja tútù ní Igbókọ̀dá, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi díẹ̀. Kí ẹ tó sanwó fún ọlọ́kọ̀ náà, ẹ ka ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì tó wà nínú ọkọ̀. Bí kò bá kárí gbogbo èrò, ẹ pín ara yín sí ọ̀nà méjì.