Ewé tíì àbí ọsàn wẹ́wẹ́: èwo ni kẹ́ ẹ gbìn sẹ́yìn ilé?

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ òórùn ọsàn yẹn lẹ fẹ́ nínú tíì yín, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ewé tíì ni kẹ́ ẹ gbìn. Ẹ̀yìn kíṣìnì wa l'Ákùrẹ́ níbí ni mo gbin tèmi sí, ìdí mẹ́ta péré ni mo rà lọ́wọ́ ìyá kan l'Ọ́jà Ọba, mo gé orí ewé ẹ̀ kúrò, mo rì í mọ́lẹ̀ nígbà tójò bẹ̀rẹ̀, kó tó pé oṣù mẹ́rin ó ti di igbó, a ò ríbi gbà kọjá mọ́. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ra ewé ẹ̀, òórùn ọsàn ló máa gba gbogbo ibẹ̀, torí citral, ìyẹn èròjà tó ń mú irú òórùn yẹn jáde, tó wà nínú èèpo ọsàn náà ló wà nínú ẹ̀. Àmọ́ etí ewé yẹn mú bíi bíléèdì o.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ní tiẹ̀, sùúrù ni. Tó bá jẹ́ kóró lẹ gbìn, ó lè tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó so, ẹ̀gún ẹ̀ á sì ti fa aṣọ yín ya. Ṣùgbọ́n tó bá ti so, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn: omi kíkan yẹn, ewé tíì ò ní in. Ta ló fẹ́ fi ewé tíì fọ ìgbín?

Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, inú ìkòkò ló gbin méjèèjì sí, tí òtútù bá ti dé á gbé wọn wọlé kí yìnyín má pa wọ́n. Tọsàn yẹn ti ń wúwo jù fún un báyìí.