Àwo In Utero ti Nirvana: ẹ̀dà wo ni kí ẹ rà, báwo ni kí ẹ ṣe gbọ́ ọ?

Bí wọ́n bá ní kí n yan àwo kan ṣoṣo nínú gírọ́ǹjì, ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì tó le láti Amẹ́ríkà, In Utero tí ẹgbẹ́ Nirvana ṣe ni n ó yàn, n kò sì ní wo ẹ̀yìn. Nevermind, àwo wọn ti tẹ́lẹ̀, lọ̀pọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ gbọ́, àwo tó dára sì ni. Butch Vig ló gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò Sound City ní California lọ́dún 1991, Andy Wallace ló po àwọn ohùn inú rẹ̀ pọ̀. Ó dán, ó gún régé. Àmọ́ ìlù tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, kí rédíò lè gbé e dáadáa. Nínú In Utero, inú yàrá kan ni Dave Grohl, onílù wọn, ti ń lù, ẹ ó sì máa gbọ́ yàrá náà. Torí ìyẹn ni mo ṣe ń pòkìkí àwo yìí.

Steve Albini ló gbà á sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1993, ní sítúdíò Pachyderm, ní Cannon Falls, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Gbogbo iṣẹ́ náà, àti gbígbà sílẹ̀ àti pípò pọ̀, kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Wákàtí 6 ni Kurt Cobain, akọrin wọn, fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn ẹnu tó wà níbẹ̀. Albini to makirofóònù bí 30 yí ìlù Grohl ká. Àwọn kan sún mọ́ awọ ìlù, àwọn kan jìnnà sí i, kí wọ́n lè gba ohùn tó lọ kọlu ògiri tó sì ń padà bọ̀. Ohùn tó ń padà bọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí etí mọ bí ibi tí ìlù wà ṣe fẹ̀ tó. Bí makirofóònù bá sún mọ́ awọ nìkan, ìró ọ̀pá la ó gbọ́, ibi tí onílù jókòó sí á pòórá. Fún orin Very Ape àti tourette's, tí wọ́n yára gan-an, ilé ìdáná ni wọ́n gbé ìlù lọ, nítorí bí ohùn ṣe ń ta padà níbẹ̀. Ẹ fi tourette's sí ẹ̀gbẹ́ orin Serve the Servants, ẹ ó rí i pé ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹni tó bá mọ orin Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu láti àwọn ọdún 1970 kò ní ṣàjèjì sí irú ohùn báyìí. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké nígbà náà, ẹ̀rọ Nagra tó ń fi téèpù gba ohùn àti makirofóònù kan tàbí méjì ni wọ́n fi gbà á, nínú ilé àwọn èèyàn. Ẹ gbọ́ àkójọ The Vodoun Effect, tó kó orin ọdún 1972 sí 1975 jọ, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé Scentless Apprentice inú In Utero sí i. Makirofóònù 30 kì í ṣe ẹgbẹ́ méjì lóòótọ́, síbẹ̀ nínú iṣẹ́ méjèèjì, a kò lé yàrá jáde kúrò nínú orin.

Scentless Apprentice yìí náà ló dára jù láti fi dán sípíkà wò. Ìlù nìkan ló ṣí i, kò sí gìtá tó máa bo àléébù ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Bí ìlù ẹlẹ́sẹ̀ bá ń dún gbùù tí kò tètè dákẹ́, bẹ́ẹ̀sì tí ẹ fi sí i ti pọ̀ jù. Bí àwọn idẹ tó wà lára ìlù bá ń dún ṣììṣìì bí ẹni pé omi wọ inú wọn, fáìlì tí wọ́n ta fún yín ni kò dára. Milk It le jù ú lọ fún ẹ̀rọ: ó lọ sílẹ̀ débi pé èémí Cobain fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn, ó sì bú jáde láìkìlọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ sí Dumb, níbi tí ṣẹ́lò (gòjé ńlá) Kera Schaley ti ń rìn lábẹ́ gìtá. Orin tó rọlẹ̀ ni, kò sì sí èyí tó dùn mọ́ mi tó o nínú gbogbo àwo náà.

Ẹ̀yin tó ń ta gìtá tí ẹ fẹ́ lu Heart-Shaped Box pẹ̀lú àwo: gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sọ̀kalẹ̀ ní ìdajì ohùn, okùn tó nípọn jù sì tún sọ̀kalẹ̀ ní odidi ohùn kan sí i. Láti orí okùn tó nípọn: D♭, A♭, D♭, G♭, B♭, E♭. Bí okùn yín tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù bá jẹ́ .009 (ìnṣì ni wọ́n fi ń wọn ìnípọn okùn), á dẹ̀, á máa gbọ̀n lára irin ọrùn gìtá. Ẹ lo .010 sókè, kí okùn tó nípọn jù jẹ́ .052.

Ó wá ku ẹ̀dà tí ẹ máa rà. Ilé-iṣẹ́ tó ni àwo náà kò fara mọ́ gbogbo iṣẹ́ Albini, nítorí náà wọ́n gbé Heart-Shaped Box àti All Apologies fún Scott Litt láti tún wọn pò. Ohùn ẹnu súnmọ́ iwájú nínú àwọn méjèèjì yìí, wọ́n sì dára, àmọ́ ẹ ó mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló kàn wọ́n. Ẹ̀dà kan tún wà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1994 fún Wal-Mart àti Kmart ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n yí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ padà, tí wọ́n sì kọ Waif Me síbi tí Rape Me yẹ kó wà. Orin yẹn kò yí padà. Orúkọ ló yí. Pennyroyal Tea tó wà nínú ẹ̀dà yẹn, ti Litt ni.

CD tó ń ti ilẹ̀ Faransé wá ní ohun kan tó ń da àwọn èèyàn láàmú. Orin kejìlá, All Apologies, á fi hàn pé ó lé ní ìṣẹ́jú 31. CD náà kò bàjẹ́. Orin náà á parí, ìdákẹ́jẹ́ bí ìṣẹ́jú 20 á tẹ̀ lé e, kí Gallons of Rubbing Alcohol Flow Through the Strip, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Rio de Janeiro, tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dà á sí fláàṣì, ẹ gé e sí méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà á máa jẹ àyè lásán.

Èyí tí mo fọwọ́ sí jù ni ẹ̀dà oní-CD méjì ti 2013. Àpòpọ̀ Albini àkọ́kọ́ fún Heart-Shaped Box àti All Apologies wà nínú rẹ̀, CD kejì sì gbé gbogbo àwo náà bí Albini ṣe tún un pò lọ́dún 2013. Nínú èyí, gìtá tó dá kọrin nínú Serve the Servants yàtọ̀ pátápátá. Ẹ má fi ti 2013 yìí rọ́pò ti 1993 o; ẹ gbọ́ ti 1993 ní àgbọ́yé ná.

Tó bá jẹ́ fáìlì lẹ máa lò, MP3 oní-128 (ìyẹn kbps, nọ́ńbà tó ń sọ bí fáìlì ṣe kún tó) ń kọ́kọ́ pa idẹ ìlù àti ìró yàrá run, ìyẹn gan-an lohun tí a torí ẹ̀ ra àwo yìí. Ẹ béèrè 320, tí ìṣẹ́jú kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí MB 2.4, orin méjìlá náà kò ní ju MB 100 lọ. Ẹ pa bọ́tìnì tó ń fi kún bẹ́ẹ̀sì lórí fóònù yín. Nígbà tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké, ẹ fi ìgbọ́rọ̀ tó bo etí mọ́lẹ̀ gbọ́ ọ, torí ariwo ẹ́ńjìnnì á gbé ibi tó rọlẹ̀ nínú Milk It mì, tí ẹ bá sì yí ohùn sókè láti lè gbọ́ ọ, ibi tó bú jáde lè ba sípíkà kékeré jẹ́.