Ibi Ìpamọ́ Fáìlì Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Ní Kọ̀ǹpútà Tirẹ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa ni kì í fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣe pírójẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n á tẹ orí kìíní sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká ọ̀rẹ́ wọn ní họ́sítẹ̀lì, wọ́n á tún un ṣe ní yàrá kọ̀ǹpútà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n á sì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní káfè tó wà lẹ́nu géètì. Fíláàṣì ni wọ́n sábà fi ń gbé e kiri, bẹ́ẹ̀ sì ni fíláàṣì tó bá ti wọ ẹ̀rọ mẹ́ta mẹ́rin kì í pẹ́ kó fáírọ́ọ̀sì. Nítorí wọn ni mo ṣe yẹ Google Drive, OneDrive, Dropbox àti MEGA wò, tí gbogbo wọn ní ìpín tí a lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe bí àyè wọn ṣe tóbi tó ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, bí kò ṣe bó ti rọrùn tó láti wọlé lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, kí a sì jáde láìfi ohun tiwa sílẹ̀ níbẹ̀.

Google Drive, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ni mo fi ṣíwájú. Ẹni tó bá ń lo fóònù Android sábà ti ní àkáǹtì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì nílò láti fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà tó bá bá níbẹ̀, nítorí inú Chrome ni yóò ti ṣí iṣẹ́ rẹ̀ nínú Google Docs, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò ní Word rárá. Bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni Docs ń pa á mọ́, nítorí náà bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, bóyá gbólóhùn tó ń tẹ̀ lọ́wọ́ nìkan ni yóò sọnù. Alábòójútó iṣẹ́ náà lè kọ àríwísí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì pa ojú-ewé kan rẹ́ tó wá kábàámọ̀, ó lè padà sí bí iṣẹ́ náà ti rí tẹ́lẹ̀. Àyè 15 GB tí wọ́n fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe ti Drive nìkan o, Gmail àti Google Photos ń bá a pín in. Àwòrán àti fídíò inú fóònù ló sì máa ń jẹ ẹ́ tán, bó bá sì ti kún, ímeèlì pàápàá kò ní wọlé mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ sí jù lọ. Bí a bá fi ìdánilójú ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣọ́ àkáǹtì, ìyẹn ẹ̀rí mìíràn tí a ó fi hàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, bó ti yẹ kí ó rí, fóònù ni Google yóò máa béèrè lọ́wọ́ wa, àmọ́ fóònù lè kú mọ́ni lọ́wọ́ ní káfè. Google ń fúnni ní kóòdù ìpamọ́ 10 tí a lè fi wọlé dípò fóònù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́jọ, tí a kì í lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ó sì tọ́jú ìwé náà sínú àpamọ́wọ́. Fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tí Chrome ń pè ní Incognito ni kí ó fi wọlé. Bó bá gbàgbé láti jáde, ó lè ti orí fóònù rẹ̀ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lára àkáǹtì rẹ̀.

OneDrive ti Microsoft kò fúnni ju 5 GB lọ, ṣùgbọ́n èyí pọ̀ tó fún pírójẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ àti tábìlì. Níbi tó ti borí Drive ni pé Word gan-an ló wà nínú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì Word tí a bá ṣí nínú Docs lè yí padà, kí tábìlì sún, kí nọ́ńbà ojú-ewé sì dàrú. Nígbà tó bá ku títò ojú-ewé àti ìdìpọ̀ ìwé nìkan, èmi á kúkú kó iṣẹ́ náà lọ sí OneDrive, n ó sì sọ ọ́ di PDF kí n tó gbé e lọ fún ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde.

Dropbox dára fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, nítorí apá tó yí padà nínú fáìlì nìkan ló máa ń fi ránṣẹ́, èyí sì ń dín dátà kù. Ṣùgbọ́n 2 GB ni ti ọ̀fẹ́, láti ọdún 2019 sì ni wọn kò ti jẹ́ kí a so ó mọ́ ju ẹ̀rọ mẹ́ta lọ. N kò rí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń sọ fi ní láti yàn án.

MEGA ń fúnni ní 20 GB, ó sì wúlò fún àwọn tó ń kó fídíò jọ, bí akẹ́kọ̀ọ́ eré oníṣe tàbí ìbánisọ̀rọ̀. Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti fáìlì débi pé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè kà á. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, tí kò sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tí wọ́n fún un, lè má rí fáìlì rẹ̀ mọ́ láéláé. Fún ìdí yìí, n kò ní gbà pé kí pírójẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ nìkan.

Ẹni tó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde kò gbọdọ̀ fi àkáǹtì rẹ̀ sílẹ̀ láìwò. Google lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún méjì rẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú Drive rẹ̀. Kí ó máa wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí àkáǹtì tó fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí fóònù rẹ̀.